Bí stationary àti stationery ò ṣe dàrú mọ́ra mọ́

Àwọn tí mò ń kọ́ fún WAEC ní Ìjẹ̀bú-Òde máa ń kọ stationary níbi tó yẹ kó jẹ́ stationery. Wọ́n dà á kọ léraléra, wọ́n kọ́ ìtumọ̀ rẹ̀ sórí, pàbó.

Orísun ọ̀rọ̀ ló yanjú ẹ̀. Láyé àtijọ́, stationer ni ẹni tó ń ta ìwé nínú ìsọ̀ tó dúró lójú kan, kì í ṣe ẹni tó ń kiri. Ẹ tẹ -er mọ́ wọn lọ́kàn, bíi ti baker. Ọjà rẹ̀ ni stationery: bébà, bírò, irú èyí tí wọ́n ń tà l'Ókè-Àjẹ. Stationary ní a bíi park: ọkọ̀ tó dúró sójú kan. Kí wọ́n wá fi ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe gbólóhùn láìwòwé, lọ́jọ́ kejì àti lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan.

Ọgbọ́n orísun yìí ò ṣiṣẹ́ fún gbogbo ọ̀rọ̀ o: orísun kan náà ni principal àti principle ti wá, ọgbọ́n mìíràn ni wọ́n ń fẹ́.