Bí A Ṣe Ń Mọ Ọ̀rọ̀-Ìṣe Àná Yàtọ̀ sí Ti Òní Nínú Èdè Gẹ̀ẹ́sì

Bí aláró kan ní Ìtòkú bá sọ pé, “Mo rẹ aṣọ náà láró,” ẹni tó gbọ́ ọ mọ̀ pé iṣẹ́ ti parí. Bí ó bá sì sọ pé, “Mo fẹ́ràn àdìrẹ,” kò sẹ́ni tí yóò rò pé àná nìkan ló fẹ́ràn rẹ̀. Kò sí wúnrẹ̀n, ìyẹn ọ̀rọ̀ kékeré tó ń fi àsìkò hàn, níwájú “rẹ” tàbí “fẹ́ràn,” síbẹ̀ ọ̀kan jẹ́ ti àná, èkejì jẹ́ ti òní. Àsìkò afànámónìí ni àwọn onímọ̀ gírámà wa ń pè é, nítorí pé ó fa àná mọ́ òní. Gẹ̀ẹ́sì ní tirẹ̀ máa ń ya méjèèjì sọ́tọ̀ lára ọ̀rọ̀-ìṣe fúnra rẹ̀, ibẹ̀ gan-an ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ní Abẹ́òkúta sì ti máa ń ṣìnà.

Nítorí náà, kí ẹ tó túmọ̀ gbólóhùn kan, ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá ìṣe ni ọ̀rọ̀-ìṣe inú rẹ̀ ń sọ tàbí ipò. “Lọ,” “rà,” “jẹ” àti “tà” ń sọ ìṣe. Bí wọ́n bá dá dúró, ti àná ni wọ́n. “Mo ra àdìrẹ” ni “I bought adire,” kì í ṣe “I buy adire.” “Mọ̀,” “fẹ́” àti “ní” ń sọ ipò, ti òní sì ni wọ́n: “I know,” “I want,” “I have.” Bí a bá fẹ́ sọ ipò àná ní Yorùbá, ọ̀rọ̀ àsìkò la máa ń fi kún un: “Mo mọ̀ ọ́n nígbà náà.” Èyí nìkan kò tó fún Gẹ̀ẹ́sì, bí “then” tilẹ̀ wà níbẹ̀, “know” gbọ́dọ̀ di “knew.”

Kí wá ni “I buy”? “Mo máa ń rà” ni. Ohun tí a máa ń ṣe ni irú ọ̀rọ̀-ìṣe bẹ́ẹ̀ ń sọ: “I go to Kuto every day.” Ohun tó ń lọ lọ́wọ́ ni “I am going.” Ẹ ṣọ́ra fún “ń” wa, nítorí pé ó ń ṣiṣẹ́ fún àná àti òní: “Mo ń lọ sí Kútọ̀ nígbà tí òjò dé” yóò di “I was going.” Bí olùwà, ìyẹn ẹni tó ń ṣe nǹkan náà, bá sì jẹ́ ẹnì kẹta ẹyọ, bí i “he,” “she” tàbí “it,” ọ̀rọ̀-ìṣe òní a gba “s” mọ́ra: “She sells lafun.” Ohun kékeré ni, ṣùgbọ́n àwọn tó ti kàwé gan-an ṣì máa ń gbàgbé rẹ̀, nítorí pé “tà” ni “tà” ń jẹ́ lẹ́nu wa, ẹni yòówù tí ìbáà tà á.

Ní ti àná, ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀-ìṣe ń gba “ed”: “walk” di “walked,” “carry” di “carried”; “dye,” tó ti ní “e” tẹ́lẹ̀, gba “d” nìkan. “T” là ń gbọ́ ní ìparí “walked,” “d” ní ìparí “called”, ẹ̀yìn “t” tàbí “d” nìkan ló ti ń di sílébù ọ̀tọ̀, bí i ti “wanted.” Àwọn tí kì í gba “ed” ni ká há sórí. Èmi kì í tò wọ́n ní a-b-d, ìró ni mo fi ń kó wọn jọ: “buy, bought,” “bring, brought,” “think, thought”, lẹ́yìn náà “sing, sang,” “drink, drank.” “Put” àti “cut” kì í yí padà rárá, wọ́n ń ṣe bí ọmọ Yorùbá. “Read” kì í yí padà lójú ìwé, ṣùgbọ́n ti àná ń dún bí “red.” Ní ti “go” àti “went,” ẹ má wá ìjọra láàrin wọn: ọ̀rọ̀ mìíràn, “wend,” ló ni “went” kí “go” tó gbà á.

Àṣìṣe tí mo máa ń fi bírò pupa fa ìlà sí jù ni “I didn’t went.” Ẹrù àná, orí kan ṣoṣo ní í rù ú. Bí “did” bá ti rù ú, kí ọ̀rọ̀-ìṣe padà sí bí a ṣe bí i: “I didn’t go,” “Did she sell it?”

“Ti” náà ní ìdẹkùn tirẹ̀. “Mo ti rí i” ni “I have seen it,” ṣùgbọ́n bí a bá ti dárúkọ ọjọ́ tàbí ọdún tó kọjá, “have” gbọ́dọ̀ kúrò: “Mo ti rí i lánàá” di “I saw it yesterday.” Ẹ fi èyí dán ara yín wò: “Lọ́dún 1859 ni Henry Townsend ti dá Ìwé Ìròyìn sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta.” “Ti” wà níbẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ ọdún ti wọlé, “started” ni ẹ óò kọ, kì í ṣe “has started.”