Ìyálọ́mọ Tí Wọ́n Ṣiṣẹ́ Abẹ Fún: Ẹ Jẹ́ Kó Máa Rìn

Ẹ kú ewu ọmọ o. Ẹ̀yin ìyá tí ẹ ń tọ́jú ìyálọ́mọ ní Kàbà, Mọ̀pà, Ìsánlú àti Ẹ̀gbẹ̀ ni a ń bá sọ̀rọ̀, torí ọwọ́ yín ló wà bó bá ti ti ọsibítù dé.

Ẹ̀jẹ̀ aboyún a máa yára dì, kó má baà ṣẹ̀jẹ̀ jù nígbà ìbímọ. Àmọ́ bí wọ́n bá ṣiṣẹ́ abẹ fún un láti gbé ọmọ jáde, tó wá dùbúlẹ̀ sójú kan, ẹ̀jẹ̀ inú iṣan ẹsẹ̀ lè dì bí ẹ̀kọ tó tutù. Bí èyí tó dì bá já, ó lè lọ dí ẹ̀dọ̀fóró, ìyẹn sì lè pa èèyàn lójijì. Ewu yìí fi nǹkan bí ìlọ́po mẹ́rin ju ti ẹni tó bí fúnra rẹ̀ lọ, ó sì ń bá a lọ fún ọ̀sẹ̀ 6, nígbà mìíràn jù bẹ́ẹ̀. Ogójì ọjọ́ tí àwọn àgbà ń kà fún ìyálọ́mọ kò jìnnà síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ogójì ọjọ́ orí bẹ́ẹ̀dì kọ́ o!

Bí nọ́ọ̀sì bá ti ní kó dìde, kó dìde. Kó kọ́kọ́ yí sí ẹ̀gbẹ́, kó fi ìrọ̀rí tẹ ojú ọgbẹ́, kó wá rọra sọ ẹsẹ̀ sílẹ̀. Àtibẹ́ẹ̀dì dé ẹnu ọ̀nà tó fún ọjọ́ àkọ́kọ́. Bó bá jókòó fọ́mọ lọ́mú, kó máa yí ọrùn ẹsẹ̀. Kó máa mu omi dáadáa. Abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń gún síkùn nítorí ẹ̀jẹ̀ dídì kì í ba ọmú jẹ́. Kó gún un pé. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ti dì lára rẹ̀ rí, tó sanra, tó ti lé lọ́mọ ọdún 35 tàbí tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru nínú oyún, kó má fi ṣeré.

Ẹsẹ̀ méjèèjì tó wú díẹ̀ wọ́pọ̀. Ẹyọ kan tó wú, tó gbóná, tó ń dun ẹ̀yìn ojúgun ló yẹ ká bẹ̀rù, ti òsì ló sì pọ̀ jù. Ẹ fi okùn wọn ẹsẹ̀ méjèèjì yí po wò. Bí ìkan bá fi nǹkan bí ìka méjì ju èkejì, ẹ má fi omi gbóná tàbí àdín wọ́ ọ rárá, ọsibítù ni kẹ́ ẹ gbé e lọ lọ́jọ́ náà.

Bí àyà bá ń dùn ún, tí kò lè mí délẹ̀ tàbí tó ń wúkọ́ ẹ̀jẹ̀, ẹ má dúró de bàbá ọmọ tó wà lóko iṣu. Ẹ wá ọkọ̀ lójú ẹsẹ̀. Tẹ́ ẹ bá dé ẹnu ọ̀nà ọsibítù, ẹ sọ ọjọ́ tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ náà kí wọ́n tó béèrè.