Bí wọ́n bá ti dá yín padà láti Amẹ́ríkà nítorí igbó

Igbó tí kò kún àtẹ́lẹwọ́ ni wọ́n bá nínú ọkọ̀ mi ní Houston, òun ló gbé mi padà sí Ìbàdàn. Ẹ̀yin tí irú ẹ̀ bá ṣẹlẹ̀ sí, ẹ má tíì sáré lọ gba físà. Ìwé ilé ẹjọ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ wá. Kí ni wọ́n kọ síbẹ̀ gan-an: ṣé pé ẹ ní in lọ́wọ́ ni, àbí pé ẹ̀ ń tà á? Tó bá jẹ́ pé ẹ ní in lọ́wọ́ lásán, lẹ́ẹ̀kan péré, tí kò sì ju gíráàmù 30 lọ, ẹ lè tọrọ ìdáríjì bí ẹ bá ní ọkọ, aya, òbí tàbí ọmọ tó jẹ́ ọmọ Amẹ́ríkà, tí ìyà ńlá yóò sì jẹ wọ́n láìsí yín. Gíráàmù 11 ló wà nínú ìwé tèmi. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ jó.

Fọ́ọ̀mù I-601 ni ti ìdáríjì yẹn. I-212 ni ti pé kí wọ́n gbà yín láyè láti padà wá kí iye ọdún tí wọ́n ní ẹ kò gbọdọ̀ wọlé tó pé. Ọ̀kan kò lè ṣiṣẹ́ èkejì.

Bàbá kan ní Dùgbẹ̀ ní òun á fi orúkọ míì ṣe páásípọ́ọ̀tù fún mi. Àmì ìka ọwọ́ mi ńkọ́, tó ti wà lọ́wọ́ ìjọba Amẹ́ríkà? Mo dìde, mo wọkọ̀ lọ sílé.