Ìrírí mi: bí mo ṣe ṣe ìbọn ìṣeré tó ń ta àwo fóòmù

Àwo pẹlẹbẹ tí kò bá yí kì í rìn jìnnà. Afẹ́fẹ́ á gbá a níwájú, á yí dànù, á sì já lulẹ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀ ẹni tó jù ú. Ohun tó ń mú òkòtó dúró lórí ẹsẹ̀ kan bó bá ń yí náà ló ń mú kí àwo tẹ́jú lójú òfuurufú. Nítorí náà, nígbà tí mo fẹ́ ṣe ìbọn ìṣeré tó ń ta àwo, ohun tí mo kọ́kọ́ wá ìdáhùn sí ni bí àwo yóò ṣe máa yí kó tó jáde lẹ́nu ìbọn. Ọ̀rọ̀ agbára rọ́bà wá tẹ̀lé e. Bí ìbọn àwo kò bá ta dáadáa, rọ́bà ni ọwọ́ ẹni máa ń yá láti fi kún un, bẹ́ẹ̀ rọ́bà kọ́ ló kù ú kù.

Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ju àwo sókè fún àwọn ayìnbọn nínú ìdíje Òlíḿpíìkì ti fi ọ̀nà hàn. Àwo tiwọn fẹ̀ ní mìlímítà 110, ó sì wúwo ní gíráàmù 105. Apá ẹ̀rọ náà ní rọ́bà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Bí apá náà ṣe ń fì, àwo á máa yí gba ara rọ́bà yẹn lọ bí táyà ṣe ń yí lórí títì, yíyí náà ló sì máa bá jáde. Tèmi kéré, ọ̀nà gbọọrọ ló sì ń gbà, àmọ́ ọgbọ́n kan náà ni mo lò: ògiri kan tó ń di àwo mú, ògiri kejì tó ń yọ̀.

Àwo ni mo kọ́kọ́ ṣe, torí òun ló ń sọ bí gbogbo ìyókù yóò ṣe fẹ̀ tó. Mo lo fóòmù pẹlẹbẹ tí àwọn ṣúmékà ń fi ṣe ìtẹ́lẹ̀ bàtà, èyí tó nípọn ní mìlímítà 6. Ẹ má ge é lára sílípáàsì àlòkù. Sílípáàsì nípọn ní gìgísẹ̀, ó fẹ́lẹ́ níwájú, àwo tí apá kan rẹ̀ bá wúwo ju apá kejì á máa gbọ̀n bó ṣe ń lọ. Àwo mi fẹ̀ ní mìlímítà 50, ó sì nídìí. Àwọn tó ń yẹ ohun ìṣeré wò ní Amẹ́ríkà ní ihò òṣùwọ̀n kan tó fẹ̀ ní mìlímítà 31.7, ohun tó bá wọ inú rẹ̀ tán, wọ́n kà á sí ohun tó lè há ọmọ lọ́fun. Àwo 50 kò lè wọ̀ ọ́. Síbẹ̀, ọmọ tó ṣì ń ki nǹkan bọ ẹnu lè fi eyín já fóòmù, nítorí náà ọmọ tí kò tíì pé ọdún 3 kò gbọ́dọ̀ fi í ṣeré.

Agolo tòmátò kékeré ni mo fi gé e. Mo wọn ẹnu agolo náà kí n tó lò ó, mo fi fáìlì pọ́n etí rẹ̀ láti ìta, mo gbé fóòmù lé pákó, mo sì ń yí agolo bí mo ṣe ń tẹ̀ ẹ́. Sísọ́ọ̀sì kì í jẹ́ kí etí àwo rí róbótó. Gbogbo ibi tó bá gún sóde díẹ̀ ni yóò máa ta kọ́ ògiri. Mo tún lu ihò tó fẹ̀ ní 20 sí àárín, kí ìwọ̀n àwo náà lè kó jọ sí etí. Etí tó wúwo ló ń pa yíyí mọ́, ìdí rẹ̀ nìyẹn tí etí Frisbee, àwo ike tí wọ́n ń jù ṣeré, fi nípọn ju àárín rẹ̀ lọ. Àwo kan kò tó gíráàmù 2 mọ́ lẹ́yìn èyí. Mo gbìyànjú láti fi téèpù iná wé etí kó lè wúwo sí i, àmọ́ ojú téèpù náà ń yọ̀ lára ògiri, àwo kò yí mọ́, mo bá tú u.

Ìdí ìbọn náà jẹ́ plaiwúùdù mìlímítà 6, gígùn rẹ̀ 300, fífẹ̀ rẹ̀ 76. Ìlà pákó tó fẹ̀ ní 12 wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òsì àti ọ̀tún, èyí tó fi àlàfo 52 sílẹ̀ láàárín wọn. Plaiwúùdù mìlímítà 3 ni mo fi bo orí rẹ̀, ó sì ní ihò tí àwo ń gbà bọ́ sílẹ̀ láti inú àká, ìyẹn páálí tí mo to àwọn àwo sí lókè. Gíga inú ọ̀nà yìí gba ìṣọ́ra, torí pé àwo kan gbọ́dọ̀ kọjá, èkejì kò sì gbọ́dọ̀ bá a lọ. Mo kọ́kọ́ fi 10 ṣe é: àwo kejì ń yọ́ wọlé, ó ń há sábẹ́ òrùlé. Mo dín in sí 6.5: àwo ń fara ha òrùlé, kò yára. 7.5 ló bá a mu. Ìlà pákó ẹ̀gbẹ́ jẹ́ 6, mo wá fi káàdì báńkì àlòkù méjì sórí ara wọn kí n tó kan òrùlé mọ́ ọn. Káàdì kan nípọn ní 0.76, méjì ń lọ sí 1.5.

Ní ògiri òsì, mo fi gọ́ọ̀mù ṣúmékà lẹ ìlà tíúbù kẹ̀kẹ́ tó nípọn ní mìlímítà 1, láti ibi tí àwo ti ń bọ́ sílẹ̀ dé ẹnu ìbọn. Inú tíúbù tuntun máa ń ní ìyẹ̀fun tí kì í jẹ́ kó lẹ̀ mọ́ra. Bí ẹ kò bá fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ kúrò, tíúbù kò ní di nǹkan kan mú. Ní ògiri ọ̀tún, ìlà ike tí mo gé lára ìgò ohun mímu ni mo lẹ̀ mọ́ ọn, mo sì fi àbẹ́là pa á. Àbẹ́là yẹn kò gbọ́dọ̀ kan ẹ̀gbẹ́ òsì rárá. Bí àwo bá ti wà nínú ọ̀nà, àlàfo tó ṣẹ́kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kò tó mìlímítà 1.

Pákó tó ń ti àwo, èyí tí mo ń pè ní olùtì, ló gba àkókò jù. Plaiwúùdù 6 ni, ó fẹ̀ ní 47 kó má baà fara kan tíúbù. Nígbà tí mo gé ojú rẹ̀ gbọọrọ, àwo ń jáde láìyí. Mo rò ó: ti gbọọrọ kì í sún àwo lọ sí ẹ̀gbẹ́ kankan, tíúbù kò sì lè di ohun tí kò tẹ̀ mọ́ ọn mú. Mo wá gé ojú olùtì ní dídà, kí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún gùn ju òsì lọ, kó lè máa ti àwo síwájú kó sì máa tẹ̀ ẹ́ mọ́ tíúbù lẹ́ẹ̀kan náà. Dídà dígírì 15 mú un yí díẹ̀, àmọ́ ó ń yọ̀. Dígírì 45 tẹ̀ ẹ́ mọ́ tíúbù jù, fóòmù ń rún, àwo ń há. Dígírì 30 ni mo dúró lé. Fóòmù àti tíúbù yín lè má rí bíi tèmi, nítorí náà ẹ gé olùtì bíi mẹ́ta láti páálí líle kí ẹ tó fi ayùn kan plaiwúùdù. Ojú olùtì gan-an gbọ́dọ̀ máa yọ̀: mo fi sáńpépà ṣe é, mo sì fi àbẹ́là pa á, torí ibi tó ti kan àwo lè dá yíyí dúró.

Gígùn olùtì náà kò ṣeé fojú dá. Bó bá ti àwo síwájú, àwọn àwo tó kù nínú àká lókè gbọ́dọ̀ rí ara rẹ̀ jókòó lé títí yóò fi padà sẹ́yìn. Bó bá kúrú, àwo kejì á bọ́ sẹ́yìn rẹ̀, ẹ kò sì ní lè fà á padà mọ́ àfi kí ẹ tú òrùlé. Ìrìn olùtì mi jẹ́ mìlímítà 120. Mo fi gígùn ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ṣe 170, ti òsì ń lọ sí 143. Ẹ̀gbẹ́ tó kúrú ni kí ẹ máa fi wé ìrìn náà.

Lábẹ́ olùtì, mo lẹ ahọ́n pákó kan mọ́ ọn: fífẹ̀ 6, gígùn 60, ó bẹ̀rẹ̀ ní mìlímítà 10 sí ẹ̀yìn olùtì. Ahọ́n yìí ń rìn nínú ojú ihò tóóró tí mo là sí ìdí ìbọn, fífẹ̀ 7, gígùn 190, tó bẹ̀rẹ̀ ní mìlímítà 13 sí etí ẹ̀yìn. Iṣẹ́ mẹ́ta ló ń ṣe. Ó ń mú olùtì lọ tààrà, òun ni ìkọ́ tó ń dá olùtì dúró kí a tó ta á ń gbá mú, òun náà ló sì ń gba ìkọlù nígbà tí olùtì bá dé òpin ìrìn. Mo ki ègé fóòmù tó nípọn ní 8 sí iwájú ihò náà. Láìsí i, ahọ́n á ya kúrò lára olùtì láìpẹ́. Ẹ má sì máa ta ìbọn náà nígbà tí kò sí àwo nínú rẹ̀.

Sípóòkù kẹ̀kẹ́ tó nípọn ní mìlímítà 2 ni mo gún kọjá nínú ahọ́n, kó yọ síta lápá ọ̀tún àti òsì lábẹ́ ìdí ìbọn. Rọ́bà tí a fi ń di owó ni mo so mọ́ orí sípóòkù yìí, méjì lápá kan, méjì lápá kejì, mo sì fi ìṣó kékeré so wọ́n níwájú. Bí gbogbo rọ́bà ṣe wà nísàlẹ̀, kò lè ta lu ìka. Ìkọ́ jẹ́ ègé pákó tó ń yí lórí ìṣó, orí rẹ̀ ń wọ inú àpá tí mo gé sí ahọ́n. Ojú àpá náà kò gbọ́dọ̀ dúró ṣánṣán. Mo dà á sẹ́yìn ní nǹkan bíi dígírì 5 kí rọ́bà lè máa fa ìkọ́ wọlé dípò kó máa tì í jáde. Bí ẹ bá dà á jù, ìka kò ní lè fà á.

Láti mọ agbára rọ́bà, mo so okùn mọ́ ẹ̀yìn olùtì, mo gbé ìbọn dúró kí ẹnu rẹ̀ kọjú sókè, mo sì fi ọ̀rá píọ̀ wọ́tà kọ́ okùn náà. Ọ̀rá kan gba omi sẹ̀ńtílítà 50, ìyẹn nǹkan bíi ìlàjì kílò. Ọ̀rá méjì ló fa olùtì wálẹ̀ dé ibi ìkọ́. Ó tó fún ọmọ ọdún 8 láti fà. Mo tún fi rọ́bà méjì kún un láti wò ó, àwo kò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà sí i, àmọ́ ìkọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ.

Ohun tó mú ìyàtọ̀ wá ni ìwọ̀n olùtì. Ó wúwo ní nǹkan bíi gíráàmù 27 nígbà tí mo kọ́kọ́ gé e. Olùtì àti àwo ń sáré kan náà, nítorí náà èyí tó wúwo ló ń kó agbára rọ́bà lọ, fóòmù tó wà níwájú ihò á sì pa á. Mo lu fèrèsé mẹ́ta sí i nínú, kò sí èyí tó fẹ̀ ju 28 lọ kí àwo òkè má baà rì sínú rẹ̀, ó sì dín kù sí 16. Síbẹ̀ bí àwo bá gba ìpín 1 láti fi lọ síwájú, olùtì ṣì ń gba bíi 8. Mo fi fídíò fóònù tó ń ya àwòrán 240 ní ìṣẹ́jú àáyá kan wò ó, mo gbé rúlà sí ẹ̀yìn: àwo ń lọ tó mìlímítà 29 láàárín àwòrán kan sí ìkejì. Mítà 7 ní ìṣẹ́jú àáyá kan nìyẹn, agbára àwo sì jẹ́ júùlù 0.05 péré. Àyíká àwo jẹ́ mìlímítà 157. Bí kò bá yọ̀ lára tíúbù, ó ń yí tó ìgbà 44 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Mo fi bírò fa ìlà kan sórí àwo kí n lè ka yíyí rẹ̀ nínú fídíò. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ náà, torí ojú lásán kò lè mọ̀ bóyá ó ń yí dáadáa.

Ìbọn náà pin ní kété tí olùtì bá dúró, kò kọjá mìlímítà 5 síwájú. Bí ẹnu rẹ̀ bá gùn ju bẹ́ẹ̀ lọ, kò sí ohun tó ń ti àwo mọ́, tíúbù á sì máa fà á sẹ́yìn.

Àká àwo jẹ́ páálí tí mo ká, inú rẹ̀ fẹ̀ ní 52, ó ń gba àwo 8. Fóòmù fúyẹ́ débi pé àwo lè kọ̀ láti bọ́ sílẹ̀. Mo gbé páálí róbótó tí mo lẹ wáṣà kan mọ́ sórí wọn, gbogbo rẹ̀ bíi gíráàmù 10. Nígbà tó di 30, olùtì ń lọ́ra nítorí ẹrù tó wà lórí rẹ̀. Ẹ fa olùtì sẹ́yìn kọjá ìkọ́ díẹ̀, ẹ dúró kí àwo bọ́, kí ẹ tó jẹ́ kí ìkọ́ mú un.

Nínú yàrá tí kò sí atẹ́gùn, ó ń lọ mítà 5 sí 6 bí mo bá gbé e sí gíga àyà. Ó máa ń yà sọ́tùn-ún ní òpin ìrìn rẹ̀, kò sì jẹ́ àbùkù ìbọn. Afẹ́fẹ́ ń gbé imú àwo sókè, àmọ́ ohun tó ń yí kì í dà síbi tí a tì í sí, ẹ̀gbẹ́ ló ń dà sí. Àwo tó gba ara ògiri òsì jáde á dà sí ọ̀tún. Bí tíúbù bá wà lọ́tùn-ún, á dà sí òsì. Mo kàn ń gbé ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ìbọn sókè ní nǹkan bíi dígírì 10 kí n tó ta á, á sì lọ tààrà. Bó bá bẹ̀rẹ̀ sí í yà ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, eruku ti bo tíúbù. Ẹ fi aṣọ tútù nù ún. Bí ẹ bá ṣe tán, ẹ tú olùtì kúrò lórí ìkọ́ kí ẹ tó gbé ìbọn náà sílẹ̀, torí rọ́bà tó bá sùn ní fífà kì í padà sí bó ṣe wà.