Whitebeam: igi tó yẹ ilẹ̀ ẹfun

Bí ilẹ̀ ẹ̀yìnkùlé yín bá jẹ́ ilẹ̀ ẹfun, tí ṣọ́bìrì ń dún gbàgà lórí òkúta kí ẹ tó gbẹ́ ẹ jìnnà, ẹ má bá a jà. Whitebeam ni kí ẹ gbìn síbẹ̀. Iṣẹ́ ọgbà ni mò ń ṣe ní gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Igi tó lẹ́wà jù ú lọ wà o, àmọ́ èyí tó lè fara da ilẹ̀ gbígbẹ, atẹ́gùn òkun àti èéfín mọ́tò bíi tirẹ̀ kò wọ́pọ̀.

Sorbus aria ni mò ń wí, tí àwọn onímọ̀ kan ń pè ní Aria edulis báyìí. Ó sábà máa ń ga tó mítà 10 sí 15. Ewé rẹ̀ ni ẹ ó fi dá a mọ̀. Bó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ rúwé, ẹ fi àtàǹpàkò ra abẹ́ ewé kan: irun funfun wẹ́wẹ́ á bó sí yín lọ́wọ́, àwọ̀ ewé á sì yọ níbi tí ẹ ti rà á. Nítorí irun yẹn ni gbogbo igi fi ń di funfun báláú bí atẹ́gùn bá ti yí ewé rẹ̀ padà. Ó ń tanná ní oṣù Karùn-ún, èso rẹ̀ á sì pọ́n nígbà tó bá di oṣù Kẹsàn-án.

Ẹ tètè ká èso náà, torí àwọn ẹyẹ kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Ẹ fọ́ ọ sínú omi, kí ẹ sì fọ ẹran ara rẹ̀ kúrò pátápátá, nítorí òun ni kì í jẹ́ kí hóró hù. Ẹ po hóró mọ́ yanrìn tútù nínú ọ̀rá, kí ẹ gbé e sínú yàrá tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì, lẹ́yìn náà kó wà nínú fíríìjì fún nǹkan bí oṣù mẹ́ta àtààbọ̀. Fíríìjì ni mo wí, kì í ṣe ibi tí omi ti ń di yìnyín. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ gbìn ín sínú ìkòkò. Hóró mìíràn wà tó jẹ́ pé ọdún kejì ló máa ń hù, nítorí náà ẹ má da ìkòkò rẹ̀ nù.

Bó bá jẹ́ 'Lutescens' lẹ fẹ́, irú whitebeam kan tí ewé tuntun rẹ̀ funfun lókè nísàlẹ̀, ẹ ra èyí tí wọ́n ti lọ́ sórí gbòǹgbò igi mìíràn, torí hóró rẹ̀ kì í mú ìyá jọ. Àwọn ìbátan rẹ̀ kan wà ṣá tí ọmọ inú hóró wọn kì í jogún nǹkan kan lọ́dọ̀ akọ, tí ọmọ wọn sì ń jọ ìyá délẹ̀délẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ni Sorbus bristoliensis, tó jẹ́ pé àfonífojì Avon ní Bristol nìkan ló ti ń hù nínú igbó. Irú ìyẹn, ẹ má já èso rẹ̀ o.

Láàárín oṣù Kọkànlá sí oṣù Kẹta ni kí ẹ gbin ọmọ igi tí gbòǹgbò rẹ̀ wà ní ìhòòhò, láìsí iyẹ̀pẹ̀ lára rẹ̀. Kékeré ni kí ẹ rà. Ó máa ń tètè mú ilẹ̀ ju ńlá olówó gọbọi lọ. Ẹ jẹ́ kí ihò fẹ̀ dípò kó jìn, kí ẹ sì dá iyẹ̀pẹ̀ tí ẹ hú jáde padà síbẹ̀ láìfi ajílẹ̀ sí i. Ẹ ro koríko ìdí rẹ̀ kúrò, kí ẹ sì máa bomi rin ín fún ẹ̀ẹ̀rùn méjì àkọ́kọ́.

Kò nílò rírẹ́ púpọ̀. Àrùn tí mo ń ṣọ́ ni fireblight, tí ẹ̀ka á kàn rọ, tí ewé rẹ̀ á dúdú bí ohun tí iná jó. Ẹ gé ẹ̀ka kékeré ní ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà 30 sísàlẹ̀ ibi tó ti bàjẹ́, ti ẹ̀ka ńlá sì jẹ́ 60, ẹ fi oògùn apakòkòrò nu ayùn, kí ẹ sì dáná sun èyí tí ẹ gé.

Igi rẹ̀ le gan-an. Òun ni wọ́n ń fi ṣe eyín ẹ̀rọ kí irin tó gbòde. Èso rẹ̀ kò dùn ún jẹ ní tútù. Bí òtútù bá ti mú un rọ̀ tán, ẹ lè fi se jáàmù, àmọ́ kí ẹ sẹ́ hóró rẹ̀ kúrò, torí májèlé wà nínú rẹ̀.