Bí Mo Ṣe Fi Owó Kòkó Ẹbí Wa Kọ́ṣẹ́ Kọ̀ǹpútà

Oṣù mẹ́jọ gbáko lẹ́yìn tí mo parí iṣẹ́ agùnbánirọ̀ ni mo fi gbé ìwé-ẹ̀rí ẹ̀kọ́ ọ̀gbìn tí mo gbà ní yunifásítì FUTA káàkiri Àkúrẹ́, kí n tó gboyà lọ bá àwọn ẹbí mi ní Ìdànrè. Nínú oko kòkó tí bàbá bàbá mi fi sílẹ̀, apá kan wà tí a kì í pín owó rẹ̀. Òun ni wọ́n fi ń rán ọmọ ilé nílé ìwé. Sikọ́láṣíìpù ẹbí ni àwa ọmọ ń pè é. Kò sí ẹni tó ti jáde yunifásítì tó béèrè rẹ̀ rí.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ló ń mójú tó oko náà. Wọ́n jẹ́ kí n sọ tẹnu mi tán, wọ́n wá ní, "Ìwé wo lo tún fẹ́ kà?"

Mo ní, "Bàbá, kì í ṣe ilé ìwé, sà. Iṣẹ́ ni mo fẹ́ kọ́, iṣẹ́ orí kọ̀ǹpútà."

Wọ́n ní kí n kọ gbogbo ohun tí mo máa ná sínú ìwé, kí n padà wá lọ́jọ́ Sunday. Ìwé yẹn ló gba owó fún mi. Mo kọ ọ́ ní ẹyọ-ẹyọ: laptop tòkunbọ̀, 240,000 náírà, dátà oṣù mẹ́sàn-án, 90,000, owó epo jẹnẹrétọ̀ tí èmi àti àwọn ará ilé jọ ń dá, 70,000. Bàbá fọwọ́ sí i. Àdéhùn méjì ni: kí n máa wá jíhìn ní Sunday tó bá kẹ́yìn oṣù, kí n sì dá ìdajì padà tí mo bá ríṣẹ́.

Mo ṣe àṣìṣe nínú rírà. Mo yẹ ojú laptop náà wò, mo tẹ gbogbo bọ́tìnnì rẹ̀, mo gbàgbé bátìrì. Bí iná bá lọ báyìí, ogún ìṣẹ́jú péré ló ń lò. Ó dùn mí wọra, torí owó ẹbí ni. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ rà, ẹ ṣí Command Prompt, ojú ibi tí a ti ń tẹ àṣẹ fún Windows, níwájú ẹni tó ń tà á, kí ẹ tẹ powercfg /batteryreport, kí ẹ sì ṣí ìwé ìròyìn tó bá gbé jáde. Ẹ fi "Full Charge Capacity", ìyẹn iná tí bátìrì lè gbà báyìí, wé "Design Capacity", èyí tó lè gbà nígbà tó wà ní tuntun. Tí kò bá tó ìdajì rẹ̀, ẹ má sanwó. Inú owó epo ni mo ti yọ 35,000 ra bátìrì mìíràn, mo sì jíhìn rẹ̀ fún Bàbá bó ṣe rí.

Python ni mo kọ́, èdè tí a fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, tí Guido van Rossum gbé jáde ní 1991. CS50, ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà orí ayélujára ti Yunifásítì Harvard, ni mo fi kọ́ ọ, ọ̀fẹ́ ni. Òru, tí dátà dínwó, ni mo ń fa fídíò rẹ̀ sílẹ̀, kí n lè máa wò ó lójú mọmọ.

Nígbà tó di oṣù karùn-ún, mo ṣe ètò kọ̀ǹpútà kékeré kan tó ń ṣírò àpò kòkó wa. Mo gbé e lọ síbi ìjíhìn. Àǹtí mi tó máa ń dúró ti òṣùwọ̀n ló kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́. Wọ́n tẹ 63,5. Ètò náà dákú: ValueError: could not convert string to float: '63,5'. Ìyẹn ni pé kò lè ka '63,5' sí nọ́ńbà. Àyà mi já. Àfi ìgbà tí mo ṣí ìwé ìṣirò Bàbá: gbogbo ààbọ̀ kílò láti ọdún pípẹ́ ni wọ́n fi kọ́mà kọ. Èmi ni n ò wo ìwé náà dáadáa kí n tó bẹ̀rẹ̀. Mo fi ìlà kan kún un tó ń sọ kọ́mà di àmì ìdúró tí Python mọ̀, ó sì ṣiṣẹ́.

Ibi 31 ni mo kọ̀wé sí láti wáṣẹ́, ibi mẹ́rin ló fèsì. Níbi ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò kan, mo sọ ìtàn kọ́mà yìí. Ọ̀gá tó ń bi mí wá ní, "Tí ẹnì kan bá tẹ 1,250, tí ẹgbẹ̀rún kan àti 250 ló ní lọ́kàn ńkọ́?" N ò ronú kàn án rí. Kílò kan àti díẹ̀ ni ètò mi máa kà á sí. Mo gbà bẹ́ẹ̀, mo ní ó yẹ kó máa béèrè lọ́wọ́ ẹni tó tẹ̀ ẹ́ tí ìwọ̀n bá kéré ju bó ṣe yẹ lọ. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni wọ́n gbà mí. Láti ilé mi ní Àkúrẹ́ ni mo ti ń ṣe é.

Oṣù kẹwàá lẹ́nu iṣẹ́ ni mo san 200,000 padà tán. Àbúrò mi obìnrin kan ló kàn báyìí. Ó ti kọ ìwé tirẹ̀, Bàbá ní kí n bá a yẹ̀ ẹ́ wò. Ohun tó kọ sí ìlà àkọ́kọ́ ni: laptop, lẹ́yìn tí Bọ̀ọ̀dá bá ti yẹ bátìrì rẹ̀ wò.