Nígbà Tí Iṣẹ́ Dìsáìnì Bá Ń Dàrú ní Ṣọ́ọ̀bù: Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Irú ìbéèrè tí mò ń gbọ́ lẹ́nu àwọn dìsáínà àti ọ̀gá wọn ní Ṣómólú àti irú àdúgbò bẹ́ẹ̀, níbi tí ìtẹ̀wé ti jẹ́ oúnjẹ òòjọ́, ni mo kó jọ síbí.

Ìbéèrè: Mẹ́rin la jẹ́ nínú ṣọ́ọ̀bù, kọ̀ǹpútà mẹ́ta la ní. A fi ìwé ètò ìsìnkú kan ránṣẹ́ sí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, àṣé èyí tí a kò tíì tún ṣe ni. Nígbà tí a wo kọ̀ǹpútà, a bá "final", "final 2", "final gan-an" àti "èyí ni kẹ́ ẹ lò". Kí la máa ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ má tíì bá ẹni tó fi fáìlì ránṣẹ́ jà. Ẹnikẹ́ni tó bá jókòó sídìí kọ̀ǹpútà yẹn lọ́jọ́ náà ni ìbá ṣì í mú, torí orúkọ tí ẹ fún fáìlì kò sọ nǹkan kan fún ẹni tí kò sí níbẹ̀ nígbà tí ẹ sọ ọ́. "Final" kì í ṣe orúkọ, àdúrà ni.

Kí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní fódà tirẹ̀, kí gbogbo fódà sì wà lójú kan náà: yálà lórí kọ̀ǹpútà kan tí àwọn yòókù lè wọ̀, tàbí lórí Google Drive bí dátà yín bá gbé e. Kò gbọdọ̀ wà lórí desktop ẹnikẹ́ni, kò gbọdọ̀ wà nínú fláàṣì. Ẹ pín inú fódà náà sí mẹ́ta: ohun tí oníbàárà mú wá, ohun tí ẹ ń ṣe lọ́wọ́, àti ohun tó ń lọ sí ẹ̀rọ. Nínú ẹ̀kẹta yìí, fáìlì kan ṣoṣo ló gbọdọ̀ wà níbẹ̀. Bí àtúnṣe bá dé, ti àtijọ́ á kọ́kọ́ jáde kí tuntun tó wọlé.

Ní ti orúkọ, ẹ fi ọjọ́ tí iṣẹ́ wọlé bẹ̀rẹ̀, kí ọdún ṣíwájú, kí oṣù tẹ̀ lé e, kí ọjọ́ gbẹ̀yìn. Lẹ́yìn náà ni orúkọ oníbàárà, irú iṣẹ́, àti nọ́ńbà àtúnṣe: 2025-03-14_Adeyemi_isinku_03. Kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ á tò wọ́n bó ṣe yẹ. Bó bá jẹ́ ọjọ́ lẹ fi ṣíwájú, iṣẹ́ ọjọ́ kìíní oṣù Kejìlá á lọ jókòó ṣáájú ti ọjọ́ kejì oṣù Kìíní.

Nǹkan kan tún wà tí mo fura sí. Ṣé ẹ̀dà CorelDRAW, ètò kọ̀ǹpútà tí ẹ fi ń ṣe dìsáìnì, kan náà ló wà lórí kọ̀ǹpútà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta? Fáìlì tí wọ́n fi ẹ̀dà tuntun tọ́jú kì í ṣí nínú ti àtijọ́. Ibẹ̀ ni ẹni tó ń kánjú ti máa ń lọ wá fáìlì ọ̀sẹ̀ tó kọjá tó ṣeé ṣí, tí á sì fi ìyẹn ránṣẹ́. Ẹ fẹnu kò sórí ẹ̀dà kan, tàbí kí ẹni tó ní tuntun máa yan ẹ̀dà àtijọ́ nígbà tó bá fẹ́ tọ́jú iṣẹ́.

Ìbéèrè: Àwọn kọ́sítọ́mà wa kì í fẹ́ lọ. Wọ́n á fa àga, wọ́n á jókòó ti dìsáínà: "gbé e sókè díẹ̀, sọ ọ́ di pupa, rárá, dá a padà." Iṣẹ́ wákàtí kan á di odindi ọjọ́.

Ìdáhùn: Mi ò dá wọn lẹ́bi tán. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ti sanwó níbòmíràn tí wọ́n ba iṣẹ́ wọn jẹ́, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi fẹ́ fojú ara wọn ṣọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n ń mí sí lọ́rùn kò lè ronú.

Ẹ gbé tábìlì kan sí ẹnu ọ̀nà, kí ẹnì kan máa gba iṣẹ́ níbẹ̀. Kí àwọn dìsáínà wà nínú lọ́hùn-ún, kí wọ́n fi ẹ̀yìn ti ògiri, kí àyè má sí fún ẹnikẹ́ni láti dúró lẹ́yìn wọn. Bó bá jẹ́ yàrá kan péré lẹ ní, kọ́tìnì tó. Ẹni tó wà níwájú á kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé: A4 ni tàbí A5, ẹ̀dà mélòó, ọjọ́ wo ni wọ́n ń fẹ́ ẹ, àti orúkọ ẹni tó láṣẹ láti sọ pé "ó ti dára".

Orúkọ yẹn ló ṣe pàtàkì jù lọ, pàápàá bó bá jẹ́ iṣẹ́ òkú. Ẹ̀gbọ́n á ní ọdún 1941 ni wọ́n bí Bàbá, àbúrò á ní 1943 ni, ìyàwó ilé á fi fọ́tò mìíràn ránṣẹ́ lóru. Ṣọ́ọ̀bù yín kọ́ ni wọ́n ti máa parí ìyẹn. Ẹ ní kí wọ́n yan ẹnì kan láàárín ara wọn. Àtúnṣe tí kò bá ti orí fóònù ẹni náà wá, ẹ gbà pé kò tíì dé. Kí iṣẹ́ tó lọ sí ẹ̀rọ, ẹ tẹ ọ̀kan sórí bébà fún un kó kà á, kó buwọ́ lù ú. Bí àtúnṣe kẹta bá máa gba owó, ọjọ́ tí ẹ ń gba iṣẹ́ ni kẹ́ ẹ ti sọ ọ́, kì í ṣe ọjọ́ tí inú bá ń bí yín.

Ìbéèrè: Àmì ohùn ń dà wá láàmú. Lórí kọ̀ǹpútà mi ó pé, bó bá dé ọ̀dọ̀ ẹnìkejì mi, àpótí kéékèèké ló ń rí.

Ìdáhùn: Fọ́ńtì ni, ìyẹn irú lẹ́tà tí ẹ fi ń tẹ ọ̀rọ̀. Lẹ́tà "ẹ" ní kóòdù tirẹ̀ nínú Unicode, ètò tí kọ̀ǹpútà fi ń dá lẹ́tà mọ̀, "é" náà ní tirẹ̀. "Ẹ́" ni kò ní: ńṣe ni kọ̀ǹpútà ń to "ẹ" àti àmì òkè pọ̀. Bí ẹni tó ṣe fọ́ńtì náà kò bá ro ti irú wa mọ́ ọn, àmì á fò sẹ́gbẹ̀ẹ́ tàbí kí àpótí rọ́pò rẹ̀. Ẹ yan fọ́ńtì díẹ̀ fún iṣẹ́ Yorùbá, bíi Noto Sans, Noto Serif, Charis SIL tàbí Gentium. Ọ̀fẹ́ ni wọ́n, ẹ fi wọ́n sórí gbogbo kọ̀ǹpútà. Bí fọ́ńtì mìíràn bá wù yín, ẹ tẹ "ẹ̀ ọ́ ṣ ǹ" wò kí oníbàárà tó fẹ́ràn rẹ̀.

Bí iṣẹ́ bá parí, ẹ sọ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ di curves, ìyẹn àwòrán tí kò nílò fọ́ńtì mọ́ (Ctrl+Q nínú CorelDRAW), ṣùgbọ́n kí ẹ̀dà tí ẹ kò tíì sọ di curves wà nípamọ́. Àwọn kan máa ń fi ìlà kékeré ya àmì sórí lẹ́tà lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo kí wọn kú iṣẹ́ o, àmọ́ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí oníbàárà bá yọ, gbogbo àmì á tún ìrìn bẹ̀rẹ̀.

Ìbéèrè: Búlúù tó ń tàn lójú kọ̀ǹpútà ń jáde láti orí ẹ̀rọ bíi pé ó ṣàìsàn.

Ìdáhùn: Ìmọ́lẹ̀ ni kọ̀ǹpútà fi ń ṣe àwọ̀, yíǹkì mẹ́rin ni ẹ̀rọ fi ń ṣe tirẹ̀, kò sì lè dé ibi tí ìmọ́lẹ̀ dé. Ẹ fi CMYK, ìyẹn àwọ̀ yíǹkì mẹ́rin náà, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ẹ má dúró dìgbà tó bá parí. Ẹ wo ògiri yín náà: ògiri aláwọ̀ ọsàn á yí ojú yín padà. Funfun tàbí eérú fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ ló dára, kẹ́ ẹ sì máa wo iṣẹ́ tó jáde lábẹ́ iná funfun tí wọ́n kọ 5000K sí lára, kì í ṣe gílóòbù pupa yẹn. Fọ́tò tí wọ́n bá fi WhatsApp ránṣẹ́, ẹ ní kí wọ́n fi í ránṣẹ́ bíi document, torí tí wọ́n bá fi í ránṣẹ́ lásán, WhatsApp á fún un pọ̀.

Ìbéèrè: Iná ń lọ lójijì, iṣẹ́ ń sọnù. Kọ́rídọ̀ la gbé jẹnẹrétọ̀ sí kí wọ́n má bàa jí i.

Ìdáhùn: Ẹ gbé e kúrò níbẹ̀ kẹ́ ẹ tó ka ìyókù. Carbon monoxide wà nínú èéfín rẹ̀, kò lóòórùn, kò láwọ̀. Ẹni tí èéfín náà bá ń pa á rò pé orí ló kàn ń fọ́ òun. Ìta gbangba ni kó wà, jìnnà sí fèrèsé, kẹ́ ẹ fi ṣéènì dè é.

UPS, àpótí bátìrì tí wọ́n ń so mọ́ kọ̀ǹpútà, á fún yín ní ìṣẹ́jú díẹ̀ láti tọ́jú iṣẹ́. Ẹ ṣètò CorelDRAW kó máa tọ́jú fúnra rẹ̀ ní ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún. Bẹ́ ẹ bá ra íńfátà, kọ̀ǹpútà àti fáànù ni kẹ́ ẹ so mọ́ ọn. Lójoojúmọ́ bẹ́ ẹ bá fẹ́ ti ìlẹ̀kùn, ẹ da iṣẹ́ ọjọ́ náà sórí hard disk tó ń bá ọ̀gá lọ sílé, nítorí olè tó bá gbé kọ̀ǹpútà kò ní fi hard disk ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sílẹ̀.

Ìbéèrè: Ẹ̀yìn ń dun àwọn ọmọ iṣẹ́ mi.

Ìdáhùn: Ẹ bá wọn ra àga gidi. Kí orí ojú kọ̀ǹpútà bá ojú wọn mu, kí ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀, kí wọ́n sì máa dìde rìn.

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀ọ́ sà, ọ̀gá wa máa ń gbé iṣẹ́ tuntun lé èyí tí mò ń ṣe lórí. Gbogbo rẹ̀ ló jẹ́ "kíákíá". Mi ò sì lè dá wọn lóhùn.

Ìdáhùn: O kò ní láti dá wọn lóhùn. Ra bọ́ọ̀dù funfun, gbé e kọ́ síbi tí ọ̀gá á ti máa rí i bí wọ́n bá ń wọlé, kó o kọ gbogbo iṣẹ́ tó wà nílẹ̀ síbẹ̀: ti ta ni, ọwọ́ ta ló wà, ọjọ́ wo ni wọ́n ń bọ̀ wá gbà á. Bí tuntun bá dé, gbà á pẹ̀lú ọ̀wọ̀, kọ ọ́ sísàlẹ̀, kó o wá bi wọ́n pé: "Ọ̀gá, èwo nínú àwọn yìí ni kí n gbé dúró ná?" Àwọn fúnra wọn ni wọ́n máa dáhùn. Bí wọ́n bá ní kó o ṣe gbogbo rẹ̀, kọ wákàtí tí ọ̀kọ̀ọ̀kan máa gbà sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kó o tún béèrè.